Ẹ̀rọ tó ń gbọnni jìgìjìgì: kì í yọ́ ọ̀rá, kì í fọ ẹ̀jẹ̀

Orin kan náà ni gbogbo àwọn tó ń ta pátákó oníná tí èèyàn ń dúró lé kó lè máa gbọ̀n ọ́n ń kọ: ọ̀rá ikùn á yọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì á tú, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ á jáde, ìṣẹ́jú 10 lórí rẹ̀ sì tó kéèyàn fi wákàtí kan sáré. Ó rọrùn láti gbà wọ́n gbọ́. Ara ń gbóná, ẹsẹ̀ ń yún, awọ itan ń pọ́n, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì sọ pé ọ̀rá ti ń yọ́ nìyẹn.

Epo pupa tó bá dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, ẹ gbọ̀n ọ́n di ọ̀la, kò ní yọ́. Oòrùn tàbí iná ló ń yọ́ ọ. Ọ̀rá ara wa kò tiẹ̀ dì bẹ́ẹ̀. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń gbé. Kó tó lè dín kù, ara gbọ́dọ̀ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kó kó o sínú ẹ̀jẹ̀, kí iṣu ẹran tó ń ṣiṣẹ́ sì jó o bí igi ìdáná. Bí iṣu ẹran kò bá rí iṣẹ́ ṣe, ọ̀rá náà á padà síbi tó ti wá.

Kí wá ni ẹ̀rọ náà ń ṣe? Ó ń tan iṣu ẹran jẹ. Bí pátákó náà bá ń lọ sókè sódò ní ìgbà 26 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà náà ló ń na ẹran ẹsẹ̀ díẹ̀. Àwọn fọ́nrán kan wà nínú iṣu ẹran tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ìnà yìí. Wọ́n á ránṣẹ́ sí iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn, òun náà á sì pàṣẹ kí ẹran sún kì, láìdúró de ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Eklund àti Hagbarth, ní Sweden ṣàlàyé rẹ̀ ní 1966. Nítorí náà, ẹran ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó ni irọ́ ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Rittweger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ yìí ń lò: gbígbọ̀n náà fi nǹkan bíi mílílítà 4.5 kún un fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó wọn kílò 80, mílílítà 360 nìyẹn. Lítà ọ́síjìn kan ń jó nǹkan bíi kálórì 5, torí náà ìṣẹ́jú 10 fún wa ní kálórì 18. Hóró ṣúgà onígun kan ṣoṣo ni. Kílò ọ̀rá kan sì tó nǹkan bíi kálórì 7,700, tó túmọ̀ sí pé ẹ ó gun ẹ̀rọ náà ju ìgbà 420 lọ kó tó tán, bí ẹ kò bá fi búrẹ́dì kankan dí i padà. Àwọn olùwádìí yẹn fúnra wọn, ìrìn ẹsẹ̀ níwọ̀nba ni wọ́n fi wé, kì í ṣe eré sísá.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ pé ó dọ́gba pẹ̀lú eré sísá ti rí ẹsẹ̀ mú? Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Augusta University ní Georgia, Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri. Èkúté ni wọ́n lò. Àwọn tó sanra nínú wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù: ara wọn kì í gbọ́ nígbà tí ọ̀rá bá ránṣẹ́ pé oúnjẹ ti tó. Wọ́n rọra ń gbọ̀n wọ́n fún ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú agbára tó jẹ́ ìdajì èyí tí ilẹ̀ fi ń fà wá. Pátákó ọlọ́jà tó ń gbọ̀n ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń rìn mìlímítà 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀, agbára tirẹ̀ ń tó ìlọ́po 7 ti ilẹ̀. Èkúté ọ̀hún àti ìyá wa tó dúró lé pátákó nínú pálọ̀ kò sí lójú ọ̀nà kan náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló dùn mọ́ àwọn ọlọ́jà jù, torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Vienna ní 2001, wọ́n ní kí àwọn 20 tí ara wọn le ṣe eré ìdárayá lórí ẹ̀rọ yìí fún ìṣẹ́jú 9. Ìyára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan ńlá ẹ̀yìn orúnkún lọ láti sẹ̀ǹtímítà 6.5 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlọ́po méjì! Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹran tó bá ń ṣiṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ tó yára kò tíì di ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sẹ́. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ìyẹn, yálà ẹ dúró lórí pátákó tàbí ẹ sùn. Yíyún àti pípọ́n náà, awọ ló ń dáhùn, kì í ṣe ọ̀rá.

Gbígbọ̀n nìkan pàápàá kò fi dandan ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ní 1918, Alice Hamilton, dókítà ará Amẹ́ríkà, lọ yẹ àwọn agbẹ́kùúta wò ní Bedford, Indiana. Òòlù tí atẹ́gùn ń tì ni wọ́n ń lò. Ìka wọn ń funfun, ó ń kú tipiri, pàápàá lówọ́ òsì tó ń di irin mú, àti lówúrọ̀ tí òtútù bá mú: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìka ló ń há mọ́ra. Gbígbọ̀n ló fà á. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pátákó yìí fún àkókò pípẹ́.

Èyí tó léwu jù ni ti ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dun ẹni lẹ́yìn ojúgun, ẹ má gun ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá já kúrò níbẹ̀ kì í pòórá: ó máa ń gba inú ọkàn kọjá lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Aláboyún, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ní òkúta nínú kíndìnrín tàbí òróòro, ẹni tó ní wárápá, gbogbo wọn ni kó yẹra fún un.

Ẹni tó ti rà á ńkọ́? Kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó gbé ìwúwo ara síwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Orúnkún tó nà ganran ló ń jẹ́ kí gbígbọ̀n náà gun orí, tí ojú á fi máa ṣú. Ìṣẹ́jú kan lórí rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ìsinmi, nígbà márùn-ún. Kó máa lọ sílẹ̀ kó máa dìde, kó má kàn dúró bí òpó. Lórí irú pátákó tí ọ̀tún rẹ̀ ń ròkè bí òsì bá ń relẹ̀, bíi jangirọ́fà, bí ẹsẹ̀ bá ṣe jìnnà síra tó ni ìjì rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Nọ́ńbà 1 sí 99 tó wà lójú ẹ̀rọ kì í ṣe iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi téèpù lẹ fóònù àtijọ́ mọ́ pátákó, kẹ́ ẹ ṣí áàpù ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ phyphox, á sọ iye náà fún yín. Bí ó bá wà láàárín 5 sí 10, ẹ sún un sókè: ibẹ̀ ni ìfun àti àyà ti máa ń bá a gbọ̀n jù.