Ẹ̀gàn Ò Ní Kí Oyin Má Dùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ Müller

Àwọn àgbà ní ẹ̀gàn ò ní kí oyin má dùn. Ẹni tó bá fẹ́ gan oyin á rí nǹkan wí sí i: pé inú ihò igi ni wọ́n ti fà á jáde, pé ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, pé kòkòrò tó ṣe é ń tani. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ahọ́n, ọ̀rọ̀ parí.

Òwe yìí ni mo fẹ́ fi tú orúkọ kan lónìí, kì í sì í ṣe orúkọ ilẹ̀ wa. Müller ni, Jámánì ni wọ́n ti ń jẹ́ ẹ. Òun ni orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ níbẹ̀ tó nǹkan bí 700,000. Ní Switzerland náà, òun ló ṣíwájú. (Ní Austria, Gruber ló gba ipò yẹn.) Bẹ́ẹ̀, nígbà kan rí, iṣẹ́ tó bí orúkọ yìí, àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kí ọmọ tó ti ibẹ̀ wá bá ọmọ tiwọn kọ́ṣẹ́ pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi orúkọ bàbá yín pamọ́ gbọ́ bí ó ṣe rìn ín.

Müller ni ẹni tó ń bá ará ìlú lọ ọkà. Látìn ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: mola ni ọlọ, molinarius ni ẹni tó ń tọ́jú ilé ìlọkà. Àwọn ará Róòmù ló mú ọlọ tí omi ń yí dé àgbègbè odò Rhine; nígbà tí wọ́n kógbá wọn lọ, ọlọ náà ò bá wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ìlọkà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹ̀bá odò ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, ó sì sábà máa ń jìnnà díẹ̀ sí àwọn ilé yòókù, nítorí ibi tí omi bá ti lágbára ni ọlọ ń bá a lọ. Wọ́n á la ojú omi láti ara odò, wọ́n á sé e kó lè ga, kó wá máa já lu kẹ̀kẹ́ onígi ràgàjì kan. Kẹ̀kẹ́ náà á máa yí òpó tó gba ara ògiri wọnú ilé, òpó á sì máa yí ọlọ. Ọlọ méjì ló wà, ènìyàn kan ò lè dá ọ̀kan gbé: ti ìsàlẹ̀ dúró gbọin, ti òkè ló ń yí. Alọkà á máa da àlìkámà sí ojú ihò tó wà láàárín ti òkè, ìyẹ̀fun á máa jáde létí. Bí ojú ọlọ bá ti kú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá iṣẹ́ dúró, tí yóò gbé ti òkè kúrò, tí yóò fi òòlù ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ ojú ọlọ náà títí á fi mú padà. Eruku ìyẹ̀fun á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, iṣẹ́ agbára sì ni.

Kó tó di nǹkan bí ọdún 1100, orúkọ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú àwọn ará Jámánì ń jẹ́. Nígbà tí ìlú ń kún, tí Johannes, Heinrich àti Konrad pọ̀ ní àdúgbò kan náà, akọ̀wé ìlú ò mọ Heinrich tó jẹ gbèsè yàtọ̀ sí Heinrich tó ti san tiẹ̀ mọ́. Àwọn ìlú apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ló kọ́kọ́ fi orúkọ kejì kún un; ó pẹ́ kó tó dé àwọn abúlé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ohun tí àwa ń wí nìyẹn. Àwọn náà wo ilé, àmọ́ kì í ṣe bàbá ọmọ ló yan orúkọ kejì yìí. Aládùúgbò ló pè é, akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo bàbá tó bíni, wọ́n wo ìlú tí èèyàn ti wá, wọ́n wo ìrísí (Klein ni ẹni tí kò tóbi), wọ́n sì wo iṣẹ́. Iṣẹ́ ló borí. Nínú àwọn orúkọ tó pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí, Schmidt jẹ́ alágbẹ̀dẹ, Schneider jẹ́ aránṣọ, Fischer jẹ́ apẹja, Weber jẹ́ ahunṣọ, Wagner sì ni ẹni tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Èéṣe tí kì í ṣe orúkọ àgbẹ̀ ló ṣíwájú, nígbà tó jẹ́ pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nílẹ̀ náà nígbà yẹn? Ní abúlé tí gbogbo wọn ti ń roko, bí o bá pe ẹnì kan ní àgbẹ̀, ta lo pè? Orúkọ Bauer tó jẹ́ àgbẹ̀ wà lóòótọ́, kò kàn dé ìdajì Müller ni. Alọkà ní tirẹ̀, ẹnì kan ni. Gbogbo abúlé mọ ilé rẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó jẹ búrẹ́dì. Báyìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ṣe sọ alọkà tiwọn ní Müller láìgbọ́ sí ara wọn. Bí ẹ bá pàdé Müller méjì ní Berlin, ẹ má rò pé wọ́n bára tan.

Orúkọ náà ò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Lápá àríwá, Möller ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí akọ̀wé bá fẹ́ fi Látìn bu iyì kún á di Molitor. Níbi tí ilé ìlọkà méjì bá ti wà lójú odò kan, ti òkè odò di Obermüller, ti ìsàlẹ̀ di Niedermüller. Ẹni tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń yí ọlọ tirẹ̀ di Windmüller. Kì í ṣe ọkà nìkan ni kẹ̀kẹ́ omi ń bá wọn ṣe: ó tún ń la pákó, ó ń fún epo, ó ń lu aṣọ òwú àgùntàn. Ní Nuremberg, lọ́dún 1390, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Ulman Stromer sọ ilé ìlọkà kan di ibi tí wọ́n ti ń ṣe bébà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Jámánì.

Wàyí o, ẹ̀gàn náà. Àgbẹ̀ ò lè yan ibi tó wù ú láti lọ ọkà. Ìjòyè tó ni ilẹ̀ ló ni agbára lórí odò àti ilé ìlọkà, òfin sì de àgbẹ̀ mọ́ ibẹ̀; ní Prussia, ìjọba ńlá kan nílẹ̀ Jámánì nígbà náà, 1810 ni wọ́n tó tú ìdè yẹn. Alọkà kì í sábà gba owó, ìwọ̀n kan nínú ọkà ló ń bù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Àpò wọlé ní ọkà, ó jáde ní ìyẹ̀fun, ta ló fẹ́ fojú wọ̀n ọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ata lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì rí, tí ẹ dúró ti abọ́ yín gbọingbọin kí tiyín má baà ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ, ẹ mọ irú ojú tí mo ń sọ. Ojú yẹn ni wọ́n fi wo alọkà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn kan nínú wọn jalè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jalè àti ẹni tí kò jí, orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́ lẹ́nu ará ìlú.

Ìfura wá di ìyàsọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ò gba ọmọ alọkà kó kọ́ṣẹ́. Wọ́n ka iṣẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tí kò níyì, pẹ̀lú ti ahunṣọ ọ̀gbọ̀, ti darandaran àti ti afunfèrè. Ní àwọn ibì kan, alọkà ni wọ́n ní kó pèsè àkàsọ̀ tí wọ́n fi ń gun igi tí wọ́n ń so ọ̀daràn kọ́. Ìjọba ilẹ̀ ọba ní láti dá sí ọ̀rọ̀ náà: òfin ọdún 1548 ní kí ẹgbẹ́ má ṣe ti ọmọ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síta mọ́. Wọ́n tún un pa ní 1577. Òfin tí wọ́n bá pa lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn ṣe tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ sí.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń gàn án, ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ojú ilé ìlọkà ni wọ́n tilẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń tò. Ìwé òfin Sachsenspiegel, tí Eike von Repgow kọ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi ọlọ ni kó kọ́kọ́ lọ ọkà. Òwe ni wọ́n ń fi í pa títí dòní, kódà àwọn tí kò fojú rí ọlọ rí: Wer zuerst kommt, mahlt zuerst.

Alọkà ò sì jẹ́ olúwa ẹnìkan. Christian Arnold ń san owó ilẹ̀ lórí ilé ìlọkà kan ní Pommerzig, abúlé tó wà nínú Poland báyìí. Olówó ilẹ̀ kan tó wà lápá òkè odò gbẹ́ adágún ẹja, omi tó ń dé ọ̀dọ̀ Arnold dín kù, ọlọ ò yí bó ṣe yẹ mọ́, owó ilẹ̀ kò ṣe é san. Kóòtù dá a lẹ́bi, wọ́n sì lu ilé ìlọkà náà ní gbànjo ní 1778. Arnold àti ìyàwó rẹ̀ ò dákẹ́. Wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi dé etí Ọba Frederick Kejì ti Prussia, nígbà tó sì di December 1779, ọba lé àwọn adájọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn tí ọba wàjà ní 1786, wọ́n dá àwọn adájọ́ náà láre. Èmi ò ní yin ọba tó fi àṣẹ tẹ kóòtù mọ́lẹ̀, ìyẹn burú. Arnold ni mo ń wò. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣáátá gbà pé ẹjọ́ òun tó ẹjọ́ tí ọba gbọ́dọ̀ gbọ́, ó sì rìn ín débẹ̀.

Ẹ wá wo bí oyin ṣe dùn. Johannes Müller tí wọ́n bí ní Königsberg ní Bavaria ní 1436 di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ìgbà rẹ̀. Regiomontanus ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Hermann Müller ṣe olórí ìjọba Jámánì lẹ́ẹ̀mejì, ní 1920 àti láti 1928 sí 1930. Ẹ̀bùn Nobel kan Paul Hermann Müller ará Switzerland ní 1948, ó kan K. Alex Müller tóun náà jẹ́ ará Switzerland ní 1987, ó kan Herta Müller ní 2009, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sáàárín àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ní Romania. Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ò ní gbàgbé Gerd Müller tó gbá góòlù 68 wọlé nínú eré 62 fún Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì, tí góòlù rẹ̀ sì fún wọn ní Ife Àgbáyé ní 1974. Thomas Müller tó gba ife kan náà ní 2014 ò bá a tan.

Nǹkan kan wà tó wú mi lórí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ìlànà ìjọba Jámánì gbà pé orúkọ tó bá pọ̀ jù, irú Müller tàbí Schmidt, lè tó ìdí fún èèyàn láti yí orúkọ rẹ̀ padà, torí pé ó ń da ènìyàn rú mọ́ra. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ló jókòó sínú orúkọ wọn. Iṣẹ́ gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láwọn abúlé: òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1957 san owó fún àwọn oníléeṣẹ́ ìlọkà kí wọ́n ti ilé wọn, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń lọ ọkà báyìí. Láti 2017, ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà kì í jẹ́ Müller mọ́ nínú ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ti fún un ní orúkọ gígùn kan tó jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Orúkọ ìdílé nìkan ló kù.

Àwọn tó kọjá sí Amẹ́ríkà nìkan ló sọ ọ́ nù díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn di Miller, kí ahọ́n àlejò lè rí i pè. Àmì méjì orí u yẹn ń yọ ayé lẹ́nu. Kódà nínú ìlà tí ẹ̀rọ ń kà ní ìsàlẹ̀ ìwé ìrìnnà Jámánì, MUELLER ni wọ́n ń kọ. Àwa tí wọ́n ń yọ àmì orí àti ìdí orúkọ wa kúrò nínú fọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, a mọ bó ṣe ń rí.

Ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ilé onílù ń jẹ́ Àyàn, ilé ọdẹ ń jẹ́ Ọdẹ, ilé alágbẹ̀dẹ ń jẹ́ Ògún. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó gé Ògún kúrò tó fi Olú sí i, tó gé Àyàn kúrò nítorí pé wọ́n fi bú u níléèwé pé ọmọ alágbe ni. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá rán an níṣẹ́ yẹn, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ́ pé ìtìjú ló ń lé e ni mo ń bá wí. Ìlù tí bàbá rẹ lù ló fi rán ọ níléèwé. Irin tí bàbá bàbá rẹ rọ ni gbogbo ìlú fi roko, tí wọ́n fi jẹun.

Nítorí náà, ọmọ mi, kí o tó lọ búra ní kóòtù, kí o tó sanwó fún ìwé ìròyìn kí wọ́n bá ọ kéde orúkọ tuntun, wá ẹni tó dàgbà jù nílé yín lọ. Bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi sọ yín bẹ́ẹ̀, ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, àti ta ló ń jẹun lọ́wọ́ wọn. Gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù rẹ bó bá gbà fún ọ. Bí o bá ti gbọ́ ọ tán tí o ṣì fẹ́ yí i, máa lọ.