Ẹ́ńjìnnì ńlá kọ́ ló ń borí lójú títì Woodward

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan eré mọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ Detroit ń sá lóru láàárín 1964 sí 1971, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́: ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tóbi jù ló borí. Wọ́n á ní bí Hemi 426, ẹ́ńjìnnì ńlá Chrysler, bá ti yọ, kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Wọ́n á máa ka nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó ní ínṣì kúbíìkì, 389, 396, 428, 440, bíi pé nọ́ńbà yẹn ló ń ti mọ́tò síwájú. Irọ́ ni. Táyà, gíá ẹ̀yìn àti ọwọ́ ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe ló ń dá ẹjọ́ ọ̀pọ̀ eré yẹn, eré ọ̀hún á sì ti parí kí ẹ́ńjìnnì ńlá tó ráyè na apá.

Ẹ kọ́kọ́ wo títì náà fúnra rẹ̀. Woodward Avenue gbéra láti àárín Detroit lọ sí ìlú Pontiac ní ìpínlẹ̀ Michigan, nǹkan bíi máìlì 27. Bó bá ti kọjá Ferndale sí Royal Oak àti Birmingham, ó fẹ̀, ó tẹ́jú, mọ́tò mẹ́rin lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lápá kọ̀ọ̀kan, koríko sì dá apá méjèèjì sí méjì. Àmọ́ iná tráfíìkì ò jìnnà síra wọn, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá èèyàn nínú ọkọ̀ wà lẹ́bàá ẹ̀ nígbà náà, irú bíi Totem Pole àti Ted's, àwọn ọlọ́pàá náà sì mọ ibi tí eré wà. Ẹni tó bá rò pé ìdámẹ́rin máìlì gbáko, ìyẹn mítà 402, ni wọ́n ń sá níbẹ̀ lóòrèkóòrè ti gbé òfin pápá eré wá sójú títì. Láti ìdí iná kan ni, tàbí kí ọkọ̀ méjì jọ máa yí lọ ní bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ti yọ níwájú gedegbe, ó tán.

Níbi irú eré kúkúrú bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni yóò tú àṣírí. Ẹ mú ọkọ̀ tó wúwo ní 1,720 kílò, tí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo yẹn jókòó sí iwájú nítorí irin ẹ́ńjìnnì. Nǹkan bíi 775 kílò ló kù lórí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, àwọn yẹn ló sì ń ti ọkọ̀. Táyà ìgbà náà kì í ṣe radial, irú táyà òde òní, rọ́bà rẹ̀ le, kò sì fẹ̀. Kódà bí ọkọ̀ bá gbéra tí ìwúwo díẹ̀ sún sẹ́yìn, tí rọ́bà di títì mú ní 0.8, ìyẹn ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tó wà lórí rẹ̀, agbára tó lè bá a ti ọkọ̀ kò ju bíi 725 kílò lọ kó tó yọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kó máa lọ́ ṣáàfù ní 400 pọ́n-ùn-fíìtì, kí gíá kìíní jẹ́ 2.56, gíá ẹ̀yìn 3.90 (iye ìgbà tí ṣáàfù ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), kí ìdajì gíga táyà jẹ́ ínṣì 13. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìdá mẹ́wàá fún ohun tí gíábọ́ọ̀sì àti ásùlù ń jẹ, 1,500 kílò ló ń dé ojú títì. Ìlọ́po méjì ohun tí táyà lè gbà nìyẹn. Ẹni tó bá tún wá lọ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ kan náà, èéfín rọ́bà ló rà kún un.

Ìdí nìyẹn tí owó àwọn tó gbọ́n fi ń kọ́kọ́ lọ sórí táyà. Àwọn kan ń wá Bucron, táyà Atlas tí wọ́n ń tà nílé epo Esso. Rọ́bà butyl ni wọ́n fi ṣe é, ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ títì. Torí kó má baà máa han kó sì lè di òjò mú ni wọ́n ṣe ń tà á, àwọn eléré rí iṣẹ́ mìíràn fún un. Kíá ló máa ń jẹ tán. Àwọn mìíràn ń de cheater slick, táyà tí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n kàn fa ilà méjì sí kó lè jọ táyà ọmọlúàbí lójú ọlọ́pàá. Wọ́n á jo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wálẹ̀ sí gééjì 18 tàbí 20. Bó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ á máa jó kiri bí eré bá ti le. Bí òjò bá ká a mọ́nà, omi ò ríbi gbà jáde lábẹ́ rẹ̀, kí olówó ọkọ̀ rọra máa lọlé.

Ásùlù ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀. Bí ṣáàfù ṣe ń yí, ó ń gbé táyà ọ̀tún sókè, ó ń tẹ ti òsì mọ́lẹ̀. Bí dífírẹ́ńṣà ọkọ̀ kò bá jẹ́ irú èyí tó ń so táyà méjèèjì pọ̀, ti ọ̀tún á máa yí lófìfo, ti òsì á kàn dúró máa wòran. Chrysler mọ èyí. Abẹ́bẹ́ sípíríǹgì tó wà lápá ọ̀tún àwọn ọkọ̀ Hemi wọn pọ̀ ju ti òsì lọ. Nínú ọkọ̀ General Motors (GM) tí sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ká, àwọn èèyàn ń ki àpò rọ́bà sínú ti ọ̀tún, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ọkọ̀ á fi gbé èjìká yẹn díẹ̀. Nǹkan tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan nìyẹn, ó sì ti na ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá.

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní 1966, Chevrolet ta Chevy II tó gbé ẹ́ńjìnnì 327 tí wọ́n ń pè ní L79, agbára ẹṣin 350 lórí ìwé. Ọkọ̀ yẹn fúyẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chevelle 396, imú rẹ̀ kò wúwo, ó sì jọ ọkọ̀ tí olùkọ́ fi ń lọ ra ewébẹ̀. Ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ nítorí pé ó rí nọ́ńbà 396 lára tirẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Kí ẹ sì tó wí pé ọkọ̀ ilé ìtajà ṣáá ni gbogbo wọn, ẹ ronú sí Royal Pontiac, ilé ìtajà ọkọ̀ Pontiac tó wà ní Royal Oak nígbà náà, tí Woodward ò jìnnà sí. Wọ́n ń ta iṣẹ́ àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní Bobcat fún GTO, ọkọ̀ Pontiac tó gbé 389. Kò sí ẹ́ńjìnnì tuntun nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó tín-ín-rín ju ti iléeṣẹ́ lọ, kí ìfúnpọ̀ lè ga sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí ihò tí ooru ẹ́sọ́ọ̀sì ń gbà dé abẹ́ kabúrétọ̀, kí epo lè wọlé ní tútù. Nínú òtútù Michigan, ẹni tó ṣe èyí á fi àárọ̀ kọ́gbọ́n, torí mọ́tò á máa kú títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀ tó fẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ń ti ara rẹ̀ pa lórí tápẹ́ẹ̀tì, kí oílì má baà tì í sókè jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí lákọlákọ. Bí wọn kò bá so ó dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí aago.

Dìsítíríbútọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, àwọn èèyàn ò sì kà á sí. Iléeṣẹ́ máa ń ṣètò táìmìn, ìyẹn àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń taná, kó rọra wọlé, kí ẹ́ńjìnnì lè fara da epo burúkú àti awakọ̀ tí ò bìkítà. Àwọn atúnkọ̀ṣe á gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti dígírì 6 sí 10 tàbí 12, wọ́n á fi sípíríǹgì tó rọ̀ sínú rẹ̀, kí dígírì 36 ti pé kí ẹ́ńjìnnì tó dé ìyí 2,800 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyàtọ̀ náà kì í fara sin bí ẹsẹ̀ bá ti kan tòtú. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ GTO ti ju 10 sí 1 lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí epo inú táǹkì kò bá dára tó Sunoco 260, tó ga jù nílé epo nígbà náà, ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, písítìnì ló fẹ́ rà.

Gíá ẹ̀yìn náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. 4.56 á ju ọkọ̀ síwájú láti ìdí iná ju 3.23 lọ fíìfíì, àmọ́ bó bá di pé kó fi 97 kìlómítà ní wákàtí kan lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa yí ní bíi 3,470 nígbà tí ti ẹnì kejì ń yí ní 2,460. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ariwo yẹn lójoojúmọ́. Èyí tó burú jù ni kílọ́ọ̀ṣì: fáláìwíìlì onírin yíyọ́ ti iléeṣẹ́ lè fọ́ bí wọ́n bá ń fi ìyí tó ga ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ á sì gba ilẹ̀ ọkọ̀ jáde lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀. Ní pápá, wọ́n ń béèrè irin tó ń bo ó. Lójú títì, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ibo ni ìgbàgbọ́ nínú nọ́ńbà ti wá? Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ni. Nínú ìwé ìròyìn Car and Driver ti March 1964, GTO kan sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 13.1, gbogbo ayé sì gbà pé 389 ló ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Jim Wangers, tó ń polówó ọjà fún Pontiac, jẹ́wọ́ pé 421 ni wọ́n rọra gbé sínú ọkọ̀ náà, Royal ló sì tún un ṣe. Ẹ wòó bí irọ́ yìí ṣe dùn tó: ẹ́ńjìnnì ńlá ni wọ́n fi pa mọ́ lábẹ́ nọ́ńbà kékeré.

Nọ́ńbà agbára ẹṣin kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Firebird 400 tí Pontiac ṣe ní 1967 ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan lára kabúrétọ̀ tí kì í jẹ́ kí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí tán, kí ìwé lè sọ pé 325. Ẹni tó bá ti yọ irin yẹn kúrò ti gba agbára rẹ̀ padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ford kọ 335 fún 428 Cobra Jet ní 1968, kò sì sí ẹni tó sá a tó gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn sì ń pọ̀ jù, torí orí tábìlì ìdánwò, láìsí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ àti àwọn ẹrù tó ń fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n. Nígbà tí wọ́n yí ìwọ̀n padà, Chevrolet 454 LS5 kan náà ti 1971 jẹ́ 365 lọ́nà àtijọ́, 285 lọ́nà tuntun.

Ibì kan wà tí ẹ́ńjìnnì ńlá ti ń jẹ ọba lóòótọ́: ojú ọ̀nà márosẹ̀, bí ọkọ̀ méjèèjì bá ti ń sá 100 kìlómítà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Táyà kì í yọ̀ mọ́ níbẹ̀, agbára nìkan ló kù. Bóyá ibẹ̀ ni ìtàn Hemi ti gbilẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo Hemi tó lókìkí jù ní Detroit, Dodge Challenger dúdú ti 1970 tí wọ́n ń pè ní Black Ghost, tí Godfrey Qualls, ọlọ́pàá ìlú náà, ń yọ jáde lóru, tó ń na èèyàn, tó sì ń pòórá. Nígbà tó ń ra ọkọ̀ yẹn, kò dúró lórí 426. Ó gba Super Track Pak, tó mú ásùlù Dana 60 àti gíá 4.10 wá, ó sì gba gíábọ́ọ̀sì olọ́wọ́ onígíá mẹ́rin. Hemi tí wọ́n rà láìsí nǹkan wọ̀nyí, tí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dúdú nítorí pé ó ń fà lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti ọ̀sán, tí kabúrétọ̀ rẹ̀ méjèèjì ò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó gbé 327 wá á ti dé iná kejì kó tó là.