Èsì sí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú, lórí òwú pupa tó dúdú lára ọ̀pá ìwọ̀

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àmúmọ́ra.

Mo ka ohun tí ẹ kọ, mo sì tún un kà. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa nínú márùn-ún. Ẹ ní ẹ ra òwú náílọ́ọ̀nù pupa àti funfun lọ́wọ́ wa ní Kàbà, pẹ̀lú ìgò kékeré kan color preserver, oje tí a fi ń pa òwú kí àwọ̀ rẹ̀ má baà yí padà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CP. Ẹ wé òwú mọ́ ẹsẹ̀ òrùka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí okùn ìwọ̀ ń gbà kọjá lára ọ̀pá, ẹ fi CP pa á lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì fi epoxy, gọ́ọ̀mù apá méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le, lé e lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pupa ti di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Funfun kò sí mọ́, dúdú ọ̀pá lẹ ń rí, àfi ibì kọ̀ọ̀kan tí àwọ̀ ṣẹ́ kù sí bí ara tí làpálàpá mú. Ìléròrò sì tún yọ lẹ́bàá òrùka kẹta. Ẹ wá ní a ti fi omi la CP náà.

A kò fi omi là á, ẹ̀gbọ́n. Ìgò ńlá tí mo bu tiyín nínú rẹ̀ ṣì wà lórí káńtà mi. Ohun tó jẹ́ kí èsì yìí pẹ́ ni pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí n tó sọ̀rọ̀. Mo wé òwú pupa kan náà mọ́ àjákù ọ̀pá kábọ̀n dúdú ní ibi méjì. Mo fi CP pa ìkíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo fi pa ìkejì lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì jẹ́ kó gbẹ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà ni mo fi epoxy kan náà lé méjèèjì. Ìkíní ṣe bí tiyín gẹ́lẹ́, àbàwọ́n-àbàwọ́n. Ìkejì pupa títí di àkókò yìí. Mo ti fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wà lọ́rùn tèmi náà, mo sì gbà á. Èmi ni mo bu CP sínú ìgò kékeré tí mo kọ lẹ́tà méjì péré sí lára, láìfi ìwé ìlò kankan tì í. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lè lá a lálàá pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ forí jì mí.

Kí ẹni tó bá ń ka èyí náà lè mọ̀ ọ́n: òwú náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun gírígírí kan. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Epoxy tó bá ráyè wọ àárín yẹn yóò lé afẹ́fẹ́ jáde, ìmọ́lẹ̀ yóò wá gba inú òwú kọjá lọ bá ọ̀pá dúdú tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wo ẹni tí òjò pa nínú aṣọ funfun. Aṣọ náà kò ṣá, síbẹ̀ ara rẹ̀ hàn. Òwú funfun àti yẹ́lò ló máa ń jìyà jù. Òwú dúdú kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ CP ni láti dí ọ̀nà náà mọ́ epoxy. Ibi tí CP kò bá dé, epoxy yóò dé ibẹ̀.

Ẹ má gbọn ìgò náà bí oògùn ikọ́, kó má baà hó. Ẹ kàn máa yí i lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Búrọ́ṣì rírọ̀ lẹ ó fi lé e, kí òwú mu ún yó, kí ẹ máa yí ọ̀pá bí ẹ ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi tíṣù nu èyí tí òwú kò gbà. Ibi tó ń dani láàmú ni ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òrùka, níbi tí òwú ti gun irin náà kọjá tó sì fi ihò tóóró sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí abẹ́ ẹní tó gun òkúta. Ẹ kán CP sí ẹnu ihò yẹn, kí ẹ gbé ọ̀pá náà dúró, yóò fúnra rẹ̀ wọ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó bá kù síbẹ̀ ló máa ń jáde sínú epoxy, ó sì dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ìléròrò òrùka kẹta ti wá.

Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, àti lẹ́ẹ̀kẹta. Funfun bíi wàrà ni CP tó bá tutù, ó sì máa ń mọ́ gaara bó bá gbẹ. Omi ni wọ́n fi po ó, nítorí náà nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n nínú òjò báyìí, ọjọ́ méjì ni kí ẹ fún un. Epoxy tó bá bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ yóò ṣú bíi dígí tí èémí bò. Epoxy ní tirẹ̀, ẹ fi sírínjì wọn apá méjèèjì dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kó kọjá etí òwú díẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò ní fi pamọ́ nítorí pé mo ń ta CP. Bó ṣe ń dí epoxy lọ́nà láti wọ òwú, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí epoxy dé ara ọ̀pá kó lè dì í mú dáadáa. Ọ̀pá tí yóò bá ẹja ńlá jà nínú Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, òwú dúdú lásán ni mo fi ń de òrùka rẹ̀, láìfi CP kan án. Ọ̀ṣọ́ tó wà lókè ibi ìdìmú ni mo máa ń fi CP pa. Òwú kan tún wà tí wọ́n ti tọ́jú àwọ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, NCP ni wọ́n ń pè é. Kò nílò CP rárá.

Èyí tó ti dúdú kò lè padà mọ́, CP kankan kò ṣe é. Àfi kí a tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bíléèdì gé e lórí ọ̀pá, nítorí bíléèdì tó bá ha kábọ̀n, ibẹ̀ ni ọ̀pá yóò ti kán lọ́jọ́ tí ẹja bá fà á. Orí irin ẹsẹ̀ òrùka ni kí ẹ ti máa gé e. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú epoxy náà gbóná díẹ̀, ẹ ó sì lè fi èékánná bó o.

Mo ti di òwú NCP pupa kan, funfun kan, ìgò CP tuntun àti ìwé ìlò tí mo fọwọ́ kọ. N kò gba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ̀ ni yóò gbé e kọjá Ìsánlú ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù bíléèdì ń bà yín, ẹ fi ọ̀pá náà rán awakọ̀ padà, èmi fúnra mi ni n ó tú u.