Ihò kékeré lára ikùn kò ní kí ọgbẹ́ inú tètè jinná

“Ihò 3 tàbí 4 péré ni wọ́n lu sí i níkùn, kí ló ń rọra rìn fún?” Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn nípa obìnrin tí wọ́n fi kámẹ́rà yọ ilé ọmọ fún, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Kó tó pé oṣù kan, ó ti padà sídìí igbá lọ́jà Ouando. Ọgbẹ́ ìta ni gbogbo ayé ń wò, èyí tó tóbi jù sì wà níbi tí ojú kò tó.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ihò tó jẹ́ mìlímítà 5 sí 12 kì í sábà gbọyún bí ojú abẹ gígùn. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá yọ ilé ọmọ tọrùntọrùn, òkè ojú ara obìnrin á ṣí sílẹ̀, wọ́n á sì rán an pa. Ojú rírán yìí ni ọgbẹ́ gan-an, ó sì máa ń já lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà ju ìgbà tí wọ́n bá la ikùn lọ. Kò wọ́pọ̀: nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100, ó tilẹ̀ lè máà tó bẹ́ẹ̀. Ara ohun tí wọ́n gbà pé ó ń fà á ni irinṣẹ́ oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń gé ibẹ̀. Ó máa ń jó etí ẹran, ẹran tó jó kì í sì tètè so pọ̀. Okùn tí wọ́n fi rán an náà ń yọ́. Irú okùn tí wọ́n ń pè ní polyglactin, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń lò, á ti pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìgbà yẹn gan-an lara ń yá, tí wọ́n á ní kó lọ pọnmi.

Bídọ́ọ̀nù omi 25 lítà jẹ́ kílò 25. Fún ọ̀sẹ̀ 6, kó má gbé ohun tó ju kílò 5 lọ, torí bó bá ti ń gbé ẹrù, ìfun á máa ti ojú rírán náà láti òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ àti ìgbẹ́ líle ń ṣe. Kó máa mu omi dáadáa, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ. Bí ikọ́ bá dé, kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn.

Ìbálòpọ̀ tó yá jù ló sábà ń já ojú rírán inú náà. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ ojú ara fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Dókítà mìíràn á ní 12. Kí dókítà yẹ ibẹ̀ wò kí tọkọtaya tó tún súnmọ́ra, kí ọkọ sì gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀. Álọ́ọ̀mù, àgbo àti ìka tí wọ́n fi ń fọ inú wà lára ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé. Omi gbígbóná tí ìyá ọkọ ní kó jókòó lé, ìtọ́jú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹ bá wa fi ọ̀wọ̀ sọ fún màmá pé ti èyí yàtọ̀.

Lára ihò ìta, ìdodo ló ń yọni lẹ́nu jù, torí pé òógùn àti ìdọ̀tí máa ń há sínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 48, kó ṣí báńdéèjì, kó fi ọṣẹ àti omi mímọ́ wẹ̀, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ó tán. Sódábì (ògógóró) ń jó ẹran tuntun, epo pupa àti òrí ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rin. Bí ibì kan bá ń wú nígbà tó bá wúkọ́, pàápàá níbi ihò mìlímítà 10 sí 12, ìfun lè ti yọ sábẹ́ awọ.

Ìsun pupa rẹ́súrẹ́sú láti ojú ara tó ń dín kù lè tó ọ̀sẹ̀ 6. Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn, bí ibà bá wọ 38°C, bí ẹ̀jẹ̀ bá rin páàdì kan láàárín wákàtí 1, tàbí tí omi ń jò láìdá (ó lè jẹ́ ìtọ̀), ọjọ́ náà ni kó dé ilé ìwòsàn.

Bí ohun kan bá yọ jáde lójú ara (ó lè jẹ́ ìfun), ẹ má tì í padà. Kó dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún sókè. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi tí a ti sè tó sì ti tutù bò ó, ẹ máa jẹ́ kó tutù. Kó má jẹ, kó má mu. Ẹ má gbé e sórí zémidjan (ọ̀kadà); ẹ wá mọ́tò tó lè dùbúlẹ̀ sí, kí ẹ gba ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ lọ tààrà.