"Kò fẹ́ jáwọ́ ni": ẹ yéé ti ọ̀mùtí mọ́lé

Nídìí ìkómọ kan ní Pàkátà, ní Ìlọrin, láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ dórí ọmọ ẹbí kan tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Alájì kan tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún ló dá sí i. Ó ní, "Kò fẹ́ jáwọ́ ni. Ẹ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ má jẹ́ kó rí ọtí, ojú rẹ̀ á wálẹ̀." Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Àwọn ìyá tó ń bu ìrẹsì náà ń mi orí. Èmi tí mo kéré jù níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé ìbínú mi mì, mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́místi ni mo ní lẹ́bàá Gáréèjì Ọ̀fà, mi ò mọ ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ní àìnítìjú ni, òmíràn á ní wọn ò kọ́ ọ nílé, ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe é. Ibì kan náà ni gbogbo wọn á wá já sí: ẹ gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí. Kò parí o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní Òmù-Àrán. Bíríkìlà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé àwọn tó ń kọ́lé ní Àjàṣẹ́ máa ń wá a wá sílé. Àmọ́ ẹni tó bá bá a ní kùtùkùtù kò ní gbà pé òun náà ni. Ọwọ́ méjèèjì á máa gbọ̀n rìrì, kò ní lè gbé ife tíì dé ẹnu kó má dà sí i láyà. Nínú ọyẹ́, òógùn á bò ó. Á wá fi eyín já ọ̀rá ọtí kan, á fà á mu, á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù díẹ̀, á dìde. Ọwọ́ yẹn á dúró jẹ́ẹ́. Á ta okùn, á to búlọ́ọ̀kù, ògiri á gún régé. Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà yẹn Bàbá Kékeré kì í tilẹ̀ yó mọ́. Ó ń mu kí ara rẹ̀ lè rí bí ara tiyín ṣe ń rí nígbà tí ẹ bá jí.

Ẹbí ṣe ìpàdé lé e lórí. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un. Alẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Ọjọ́ kejì, kò fojú kan oorun, ó ń pariwo pé ìjàlọ ń rọ́ bọ̀ lára ògiri, ó ń fi ọwọ́ gbá wọn kúrò lẹ́sẹ̀. Kò sí èèrà kan ṣoṣo nínú yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n kan ní, "Ẹ ò wá rí i? Àwọn tó ń ṣe é ló ń bọ̀ wá mú un yẹn." Wọ́n ránṣẹ́ pe àfáà. Kí àfáà tó dé, ó ti ṣubú lulẹ̀, ara rẹ̀ le gbagidi, ó ń jà pìtìpìtì, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti fi eyín gé ahọ́n ara rẹ̀. Àwọn kan sá jáde, wọ́n ní wárápá ni, itọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan àwọn. (Wárápá kì í ràn. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíì.)

A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà á kò béèrè ẹni tó bá jà, kò béèrè ta ni ọ̀tá rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni, "Ìgbà wo ló mutí kẹ́yìn?" Ẹbí ń wo ojú ara wọn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ Valium, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, sínú iṣan, wọ́n fún un ní fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára, ó sùn. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni wọ́n ń dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìjàlọ ti lọ, ó ń béèrè ẹni tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ayé ló rán ìjàlọ sí i, irú ayé wo ni Valium ń lé lọ?

Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ọtí máa ń mú kí ọpọlọ rọlẹ̀. Bí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, ọpọlọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fà á: á dín agbára ohun tó ń mú un rọ̀ kù, á sì fi kún èyí tó ń ta á jí, kí ẹni náà lè máa dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ ti wò ó rí: oníjàkadì méjì tó fi èjìká ti ara wọn, bí ọ̀kan bá ṣàdédé yẹ̀, ojú ni èkejì á fi gbálẹ̀. Ọpọlọ tí wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì nìyẹn. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á ti máa gbọ̀n. Gìrì sábà máa ń dé láàárín wákàtí 6 sí 48. Èyí tó burú jù, tí àwọn dókítà ń pè ní delirium tremens, tí ara á gbóná, tí àyà á máa lù kìkì, tí èèyàn ò ní mọ ibi tó wà mọ́, òun ló sábà máa ń yọjú láàárín wákàtí 48 sí 96. Ẹ wá ṣírò ọjọ́ mẹ́ta tí Alájì dá. Wákàtí 72 ni. Àárín gbùngbùn ibi tí ikú wà ló ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sí.

Igbó tí ẹ ń bú lójoojúmọ́, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lójijì, oorun rẹ̀ lè má dán mọ́rán, inú á máa bí i, kò ní torí ẹ̀ dá gìrì. Ọtí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni ẹni tó ti wọ̀ lẹ́wù lè torí àtifi í sílẹ̀ kú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mutí ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé kò fẹ́ ni, kó wá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ inú dá gìrì dúró.

Wọ́n á ní, "Ramadan ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko." Àwọn tó ń fi sílẹ̀ lóṣù kan tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, mo kí wọn kú oríire; kì í ṣe àwọn ni mò ń sọ. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n kí Alaásárì tó pé, tí wọ́n bá ṣínu tán, wọ́n á yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé.

Ti pé wọn ò kọ́ ọ nílé ńkọ́? Ní Denmark, Donald Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àwọn ọkùnrin tí òbí tó bí wọn jẹ́ ọ̀mùtí kàn, àmọ́ tí wọ́n ti gbé fún ẹlòmíì tọ́ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1973, ó hàn pé ọtí mú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin ju àwọn ọmọ àgbàtọ́ mìíràn tí òbí wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọdún 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kéde pé àìsàn ni, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà sì kà á mọ́ àwọn àìsàn tó wà nínú ìwé rẹ̀. Àwa ṣì ń jiyàn nídìí ìkómọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nílùú wa yìí ni ìtìjú. Ní Ìlọrin, ọ̀mùtí kì í mu ní gbangba. Inú ike omi ọsàn ló wà, inú fúláàsì ló wà. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ṣubú lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Dókítà béèrè bóyá ó ń mutí, ìyàwó rẹ̀ ní láéláé, àwọn àna wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ tí wọ́n ti dì. Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó jẹ́wọ́ fún un ni wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa tọ́jú. Ojú tì wọ́n, ó kù díẹ̀ kí wọ́n sin ín.

Ẹ wá gbọ́ èkejì irọ́ náà: pé ọ̀mùtí kì í yí padà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 2001 sí 2002, wọ́n rí 4,422 èèyàn tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ rí, wọ́n wo bí ọdún tó kọjá ṣe rí fún wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣì wà nínú ìdè náà. Ìdá 18 nínú 100 ò mu rárá mọ́, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ń mu níwọ̀nba tí kò léwu, àwọn yòókù wà lágbedeméjì. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn péré ló gba ìtọ́jú rí. Òótọ́ ni. Púpọ̀ ń bọ́ fúnra wọn, ibi tí ìfẹ́ inú parí sí tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó dáa. Ṣé ẹni tó ń rí ìjàlọ lára ògiri lẹ wá fẹ́ fi èyí dá lóhùn?

Ìpàdé ẹbí tí ẹ fẹ́ràn náà, wọ́n ti dán an wò. Ní New Mexico, wọ́n kó 130 èèyàn tí ẹni wọn ń mutí tí kò sì gbà láti tọ́jú ara rẹ̀, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti pe ẹbí jọ kí wọ́n kojú ọ̀mùtí náà, ìdá 30 nínú 100 ló rí ẹni wọn mú dé ibi ìtọ́jú. Àwọn tí wọ́n kàn ní kí wọ́n lọ máa ṣe ìpàdé àwọn tó ní ọ̀mùtí nílé, ìdá 13. Àwọn tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, kí wọ́n ṣe dáadáa sí i lọ́jọ́ tí kò bá mu, kí wọ́n sì má bá a bo àṣírí ìyà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fà, ìdá 64. Mo fẹ́ kí Alájì ka èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Oògùn náà wà. Disulfiram, tí àwọn oníwádìí ní Denmark kéde ohun tó ń ṣe fún ẹni tó bá mutí ní 1948, á mú kí ara gbóná kí èèyàn sì máa bì bó bá mutí lé e. Naltrexone, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ọ̀ràn ọtí ní 1994, máa ń dín òùngbẹ ọtí kù. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous tó bẹ̀rẹ̀ ní Akron, ní Amẹ́ríkà, ní 1935, níbi tí àwọn ọ̀mùtí ti máa ń dìde jẹ́wọ́ fún ara wọn kí wọ́n lè jáwọ́, náà wúlò: ní 2020 wọ́n kó ìwádìí 27 jọ, tó ju 10,000 èèyàn lọ, ní ti ká má fẹnu kan ọtí rárá, ọ̀nà tiwọn ò rẹ̀yìn sí ìtọ́jú yòókù, nígbà míì ó tilẹ̀ jù wọ́n lọ. Ta ni yóò dìde níwájú èèyàn ní Ìlọrin sọ pé ọ̀mùtí lòun, ìyẹn lèmi ò tíì rí.

Bàbá Kékeré padà síbi ìtọ́jú, ó ń lo oògùn, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gba owó iṣẹ́, ó sì yí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ padà nítorí ìyá oníparaga kan. Ó tún ṣubú sínú rẹ̀ níbi òkú kan ní Òrò, ọ̀rá ni wọ́n ń pín fún àwọn àlejò. Ọ̀rá yẹn kan náà tí NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe é ti jọ fọwọ́ sí i ní 2018 pé á dópin, tí wọ́n ní ó ti dópin ní February 2024, tí wọ́n tún sún síwájú nínú ọdún kan náà. Nígbà yẹn a kò tì í mọ́ yàrá. Ọsibítù la gbé e lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ohun tí mo kọ yìí sáré wá ra Valium lọ́wọ́ mi. Mi ò ní tà á. Òun àti ọtí pọ̀ nínú ikùn kan, mímí lè dúró. Àwọn ìyàwó tó ń wá béèrè oògùn tí wọ́n máa pò mọ́ ọbẹ̀ ọkọ kó lè máa bì bó bá mu, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti lo disulfiram, tó wá da ọtí lé e, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí kò ní dìde mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún un: ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Ó ní ọkọ òun ò ní gbà láéláé kí wọ́n rí òun níbẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ dá lọ, kó sọ iye tí ọkọ rẹ̀ ń mu lóòjọ́ àti bí ọwọ́ ọkọ náà ṣe ń rí láàárọ̀, kó má fi nǹkan kan pamọ́, kó sì béèrè bí òun ṣe máa bá a sọ ọ́. Ó ní ta ni yóò máa wo ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá fún mi.