Bí A Bá Ń Gé Igi Nígbó

Bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Bó bá ṣe àwa ni àáké bà, a ó ké. Láti kékeré la ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní Ọjà-Tuntun, ní Ìlọrin, lọ́sẹ̀ tó kọjá fi hàn mí pé ẹnu lásán la fi ń pa á.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọmọdébìnrin kan tó ń kiri wàrà yọ̀ ṣubú létí gọ́tà. Igbá dojú dé, wàrà fọ́n sínú ẹrẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó ń sunkún. Àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ojú ẹ̀ fọ́ ni?" Ó wakọ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ wàhálà wàrà, láti orí fífún ọmú màlúù títí dé orí ewé bọmubọmu tí a fi ń mú un dì àti iná, kò ní fi irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀rín láé.

Èmi ò bá àwọn ọmọ yẹn wí. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọ́mọ ń ran. Ìlú tó ń hun aṣọ-òfì kò sì yẹ kó máa gba àlàyé lórí ìyẹn.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Òmù-Àrán, àbúrò mi ọkùnrin máa ń sín bàbá àgbàlagbà kan tó ń tiro jẹ. Ìyá wa kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kó ru igi ìdáná bàbá náà délé fún un, kó má sì ṣíwájú rẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín. Bàbá á rìn díẹ̀, á dúró mí. Òun náà á dúró, tòun tẹrù lórí. Nígbà tó padà dé, ìyá wa bu oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í, ó ní, "Níbo ni ẹsẹ̀ ti ń dun Bàbá jù?" Ó ní níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni àbúrò mi yìí ń wà báyìí. Bí àgbàlagbà bá wọlé, kì í tẹná títí onítọ̀hún á fi jókòó dáadáa, bí wọ́n tilẹ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá wa ro ti bàbá, ó tún ro ti ọmọ tó jẹ̀bi. Èyí ló wọ́n lóde báyìí. Ọmọ gbé èsì ìdánwò tí kò dáa dé, ìgbájú ló kọ́kọ́ jẹ. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ojú rẹ̀ ń rí ohun tí tíṣà kọ sí pátákó. Ọmọ tí a ò gbọ́ ẹkún rẹ̀ nílé, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ẹkún ẹlòmíì níta?

Lọ́dún 2003 ni Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, Kwara náà sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin wo ló fẹ́ wọ yàrá yín lóru? Ẹ̀yin tí ẹ mú ọmọ ọlọ́mọ wá láti abúlé, tó ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tó ń jẹun kẹ́yìn gbogbo ilé, ẹ tún ń wàásù àánú fún ọmọ tiyín? Ojú àwọn ọmọ yín kọ́ lẹ ti ń ṣe é ni? Ẹ fi wáàsù sílẹ̀. Ẹ gbé ẹní àti aṣọ ìbora fún ọmọ yẹn lálẹ́ yìí, ẹ bu oúnjẹ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bu tàwọn ọmọ yín, kí wọ́n sì rí yín bí ẹ ti ń ṣe é.