Kì í ṣe ohun tí David Card sọ nìyẹn

Ẹni tó kọ ọ́ pé David Card, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti fi hàn pé bó ti wù kí ìjọba fowó kún owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ tó, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti pé òun nìkan ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀, ti bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ fún wákàtí kan kúrò ní dọ́là 4.25 sí 5.05. Pennsylvania tó múlé tì í kò fi kọ́bọ̀ kún tiẹ̀. Card àti Alan Krueger, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé bíi tiẹ̀, wádìí lọ́wọ́ ilé oúnjẹ àyáraṣe 410 ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, ṣáájú àti lẹ́yìn, wọn ò sì rí i pé àfikún náà dín iṣẹ́ kù. Àfikún yẹn o, kì í ṣe gbogbo àfikún! Àwọn onímọ̀ mìíràn sì bá wọn jiyàn gan-an.

Bákan náà ni ti ìwádìí Card lórí àwọn aṣíkiri. Nǹkan bí 125,000 ará Cuba ló gba èbúté Mariel wá sí Florida ní 1980. Card kò rí i pé ó já owó iṣẹ́ àwọn tó ti wà ní Miami, ìlú kan ní Florida, tẹ́lẹ̀ wálẹ̀. George Borjas, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mìíràn, tún un yẹ̀ wò, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀bùn Nobel ọdún 2021, ìdajì ni Card gbà. Joshua Angrist àti Guido Imbens pín ìyókù. Krueger ti kú ní 2019, wọn kì í sì í fún òkú.